Ike Ọ̀kadà Bàbá Akínlabí

“Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́ o,” ni pẹ́ńtà kìlọ̀ fún Akínlabí, tó fẹ́ kí ike ẹ̀gbẹ́ ọ̀kadà bàbá rẹ̀ olóògbé tún máa dán. “Sáńpépà kíkúnná ni kí o fi rọra ha á, kí o máa bomi sí i.”

Akínlabí ò ní sùúrù. Èyí tí káfíńtà fi ń ha pákó ló mú, ó ha á bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ike náà funfun bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara lọ́yẹ́. Ó fi àdí pa á. Oòrùn mú àdí gbẹ, ó tún funfun.

Ìyá rẹ̀ jáde. “Akínlabí, orúkọ rẹ tí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀ dà?”

Akínlabí wo eruku ike tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Pẹ́ńtà lè dá dídán padà. Ọwọ́ tó kọ orúkọ yẹn ti wà nínú erùpẹ̀.