Òkété Dúpẹ́ Oore Tí A Kò Ṣe

Àlọ́ mi yìí kò rìn jìnnà, ẹnu Òkété ló kó sí.

Òkété fẹ́ jẹ iṣu. Kì í ṣe pé ebi ń pa á o, kí ẹnikẹ́ni má bàa bá a sunkún. Ẹ̀kùrọ́ kún inú ihò rẹ̀, Àwẹ̀ró aya rẹ̀ a sì máa pa á fún un ní àràárọ̀. Bí Àwẹ̀ró bá jẹ tirẹ̀ tán, á nu ẹnu, á ní, "A jẹ, a yó, a dúpẹ́."

Òkété á yọ ṣùtì sí i. "Nítorí ẹ̀kùrọ́?"

"Baálé mi, ẹni tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Òkété létí, ṣùgbọ́n ibi tí kò yẹ ló gbà wọlé. Bí ọpẹ́ bá ń bí oore, kí ni èèyàn ń dúró de oore àkọ́kọ́ sí?

Ilẹ̀ mọ́, ó gba ilé Erin lọ. Àwọn àna Erin jókòó síta. Òkété dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ṣé àná o, Bàbá! Iṣu tí ẹ fún wa, a ò tíì jẹ ẹ́ tán!"

Erin wo òkè, ó wo ilẹ̀. Kò rántí iṣu kankan. Ṣùgbọ́n àwọn àna rẹ̀ ti ń sọ pé, "Háà, ọkọ ọmọ wa mà lawọ́ o!" Ta ni yóò ní òun kò lawọ́ lójú àna?

"Kò tọ́pẹ́," ni Erin wí. "Ẹ tún gbé iṣu fún un."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún Ẹfọ̀n lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gba àgbàdo. Ihò kún títí, Àwẹ̀ró kò rí ibi na ẹsẹ̀ sí.

"Èyí ti tó wa," ni Àwẹ̀ró wí.

"Ó tó, ṣùgbọ́n ẹran ò sí níbẹ̀."

Ó di ilé Ẹkùn. Ó bá Erin àti Ẹfọ̀n níbẹ̀, wọ́n fajú ro. Inú Òkété dùn: ojú pọ̀! Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ ṣé àná o, Bàbá Ẹkùn! Itan ewúrẹ́ yẹn, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà létè mi!"



Ẹkùn dìde. "Ewúrẹ́ mi kan ṣoṣo sọnù lánàá. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe wá bá mi kẹ́dùn."

"Yéè! Èmi ò jẹ ẹ́ o! Irọ́ ni mo pa!"

"O ò jẹ ẹ́, o wá ń dúpẹ́ rẹ̀?"

Erin fọn imú. "Ẹ dúró ná. Iṣu tèmi ńkọ́?"

Ẹkùn kò dúró. Ó fọ́ ọ létí ọ̀tún. Ẹfọ̀n rántí àgbàdo, ó fọ́ ọ létí òsì. Wọ́n lọ kó ihò rẹ̀ gbẹ, wọ́n kó ẹ̀kùrọ́ mọ́ ọn dípò ewúrẹ́. Wọ́n ṣì ń kó o lọ́wọ́ nígbà tí ewúrẹ́ jáde láti inú igbó, ó ń jẹ ewé, kò kí ẹnì kankan. Wọn kò dá nǹkan kan padà.

Àwẹ̀ró tú etí aṣọ rẹ̀, ẹ̀kùrọ́ kan bọ́ sílẹ̀. Ó pa á, ó fún ọkọ rẹ̀ ní ààbọ̀. Ebi ti wá ń pa Òkété ní tòótọ́. Ó fẹ́ sọ pé "o ṣé", ọpẹ́ tòótọ́ àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ti wú. "Hùn-ùn" nìkan ló jáde.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹni tó dúpẹ́ oore tí a kò ṣe ńkọ́? Ẹ bi Òkété, ṣùgbọ́n ẹ má retí èsì. Kí ẹ tó wo ìkòkò ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ èyí tó wà nínú tiyín. Bí mo bá purọ́, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi náà wú.