Èèkàn Ọ̀nàfowókàn Nínú Adágún Ọ̀pẹ́rẹ́

Ọdún méjì gbáko ni Àwẹ̀ró, ọmọ Ọ̀nàfowókàn apẹja, fi ru apẹ̀rẹ̀ òfìfo lọ síbi ọdún odò. Ẹ̀kẹta ti ń bọ̀, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ mọ́. Nílùú Ìmọpa tó wà létí adágún Ọ̀pẹ́rẹ́, òfin kan wà tí kì í wojú ẹnikẹ́ni: ilé tí kò bá gbé ẹja wá síwájú ojúbọ odò fún ọdún mẹ́ta léraléra, ilé náà kò ní omi mọ́. Wọn a gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn a gba àjẹ̀, wọn a ní kí wọ́n kọjú sí oko. Ọ̀nàfowókàn kò bí ọmọ méjì. Àwẹ̀ró nìkan ló fi sáyé lọ. Bí omi bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ baba rẹ̀ parẹ́ lójú omi nìyẹn.

Kí ló dé tí kò fi rí ẹja pa? Kì í ṣe ọ̀lẹ, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ bú u. Ibi tí baba rẹ̀ ń dẹ ìgèrè sí lòun náà ń dẹ ìgèrè sí. Ní Ìmọpa, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní èèkàn tirẹ̀, igi líle kan tí àwọn baba ńlá gún mọ́ ìsàlẹ̀ omi, tí wọ́n sì fín àmì ìdílé sí lára. Ìdí èèkàn ilé rẹ ni wàá ti pẹja, o ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Wọ́n ń kí igi náà láràárọ̀, òun ni wọ́n ń fi ọmọ tuntun hàn. Ẹni tó bá fà á tu, a jẹ́ pé ó kọ baba rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dá ti dá, omi Ọ̀pẹ́rẹ́ sì ti ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Nídìí èèkàn Ọ̀nàfowókàn, níbi tí omi ti ń mu ọkùnrin dé àyà tẹ́lẹ̀, kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ mọ́. Ẹja wo ló fẹ́ wá ṣeré nínú omi gbígbóná, lójú ẹyẹ? Àkèré ló ń kó sí ìgèrè Àwẹ̀ró.

Ṣówándé ni olórí àwọn apẹja. Èèkàn tirẹ̀ wà níbi tó jinlẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ó ṣì ń rí díẹ̀díẹ̀ pa, ẹnu rẹ̀ sì gbà á láti sọ̀rọ̀. "Àwẹ̀ró," ni ó máa ń wí, "ọwọ́ obìnrin ni kò bá èèkàn mu." Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún wọ egungun.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹkún, Àwẹ̀ró gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹfúnyẹmí lọ, àgbà olórìṣà tí ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún nínú ahéré kan lẹ́yìn ìlú. Ó kúnlẹ̀, ó ro ẹjọ́ rẹ̀. Ìyá da owó ẹyọ sílẹ̀, ó wò ó títí, ó ní:

"Omi kì í dúró de igi. Igi ni kò lè bá omi rìn. Ẹni tó bá so ara rẹ̀ mọ́ igi, ojú rẹ̀ ni omi yóò ṣe lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a fún ọmọbìnrin kan tó ń ṣọ́ ẹrẹ̀, tó ń retí ẹja. Ìwọ gan-an ni. Ire ń bẹ, ẹbọ sì ń bẹ."

"Kí ni kí n fi rú u, Ìyá? Bó jẹ́ ewúrẹ́, màá wá a."

"Ta ló béèrè ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ? Ẹyẹlé kan, epo díẹ̀, àti èèkàn baba rẹ. Fà á tu. Gbé e lọ síbi tí omi jìn sí jù, kí o fi lé omi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ibi tí omi bá wà ni kí o wà."

Àwẹ̀ró dìde dúró. Inú bí i. "Ìyá, ẹ má bínú, ṣé kí n fa baba mi tu ni ẹ wí?"

"Jókòó. Baba ńlá rẹ tó gún igi yẹn, kí ló rí kó tó gún un?"

"Ẹja ni."

"Ó rí ẹja kó tó gún igi. Ìwọ rí igi, o wá ń dúró de ẹja. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ń ṣe iṣẹ́ apẹja?"

Àwẹ̀ró jókòó. Ìyá ní kò tíì tán. "Bí òjò bá dé, tí omi pọ́n, tó ń gun koríko etí odò, gbogbo ẹja yóò kúrò nínú ibú. Wọn yóò bá omi tuntun wọ inú koríko lọ yé ẹyin. Bá wọn lọ, ṣùgbọ́n fún ìtàdógún, ìgèrè rẹ kò gbọdọ̀ kan omi. Ẹni tó bá pa ìyá lórí ẹyin, kí ni yóò pa lọ́dún tó ń bọ̀? Lọ sọ fún Ṣówándé náà. Bí ẹbọ rẹ ti rí ni tirẹ̀ rí."

Lọ́jọ́ kẹta, Àwẹ̀ró sán aṣọ mọ́ ìdí, ó wọ inú ẹrẹ̀ lọ ní ọ̀sán gangan, níṣojú gbogbo ìlú. Kò fi ṣe ohun ìkọ̀kọ̀ rárá. Ṣówándé sáré wá dènà dè é.

"Bí o bá fọwọ́ kan igi yìí, kò sẹ́ni tí yóò bá ọ di okùn àwọ̀n mú mọ́ ní Ìmọpa."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yà fún mi. Igi baba mi ni, kì í ṣe tiyín. Ìyá Ẹfúnyẹmí ní kí n sọ fún yín kí ẹ fa tiyín náà tu, kí ẹ máa bá omi lọ. Tí omi bá sì gun koríko, kí ẹ dáwọ́ dúró fún ìtàdógún."

Ṣówándé rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Èèkàn tèmi! Kí n wá máa sá tẹ̀lé omi kiri bí ẹyẹ lékeléke!" Àwọn tó dúró létí omi bá a rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró fi apá méjèèjì gbá èèkàn mú, ó mì í sọ́tùn-ún, ó mì í sósì. Àwọn àgbà obìnrin ń gégùn-ún, àwọn kan káwọ́ lérí. Ó ń sunkún, kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí igi náà jáde, ìdí rẹ̀ ti jẹrà. Ó gbé e sínú ọkọ̀, òun nìkan ló sì tukọ̀ dé agbami, ó fi ẹyẹlé àti epo bọ odò, ó ju èèkàn baba rẹ̀ sínú ibú. Igi náà rì.

Inú ibú yẹn ló dẹ ìgèrè sí. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹja Ọ̀pẹ́rẹ́ sá pamọ́ sí fún ooru: obòkun, àrọ̀, ẹpìyà tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ará ìlú kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, wọ́n ní ẹja aláìníbaba ni. Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gba ẹ̀yìnkùlé wá rà á.

Láàárín àkókò yẹn, omi fà kúrò nídìí èèkàn Ṣówándé náà. Ǹjẹ́ ó rúbọ? Rárá o. Ó gbẹ́ èèkàn tuntun, ó kó ọkùnrin mẹ́wàá sẹ́yìn, ó lọ gún un sínú ibú Àwẹ̀ró. Ó ní láti òní lọ, ti ilé Ṣówándé nibẹ̀, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ débẹ̀. Àwẹ̀ró tún gba ahéré Ìyá lọ.

"Ìyá, ó ti gba ibú lọ́wọ́ mi, ọdún odò sì ku ogún ọjọ́ péré."

"Ibú ló gbà. Ṣé ó gba omi?"

Ọjọ́ náà gan-an ni òjò bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ kejì tí omi fi pọ́n bí osùn, tó ń gun koríko, tó ń wọ ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ẹja sì bá a lọ. Ṣówándé ń ju àwọ̀n sínú ibú, ewé àti igi jíjẹrà ló ń fà jáde. Ó ní wọn yóò padà wá. Ó jókòó ti èèkàn rẹ̀.

Ẹbọ kejì yìí, pé kí ìgèrè má kan omi, ló le jù fún Àwẹ̀ró. Ó dúró létí koríko lójoojúmọ́, ó ń wo ẹ̀yìn ẹpìyà tó ń ta omi níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń yún un. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń sọ pé, "Kò léèkàn, kò lẹ́ja, kí ló kù?" Ó ní, "Èmi ló kù." Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún pé, kò ki ìgèrè bọ omi. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ó dẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ ọdún odò, obìnrin méjì ló bá a gbé apẹ̀rẹ̀ rù. Òfìfo ni ti Ṣówándé. Síbẹ̀, àwọn àgbà ní àwọn ò lè ka ilé Àwẹ̀ró kún àfi bó bá gún èèkàn mìíràn, kó sì búra pé òun ò ní fà á tu láé.

Àwẹ̀ró sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. "Mi ò gúngi, mi ò sì búra. Bí omi bá sún, màá sún. Àwọn ẹja yìí, ẹ bi wọ́n bóyá èèkàn ni wọ́n wò kí wọ́n tó wọ ìgèrè."

Àgbà tó dàgbà jù nínú wọn na ọwọ́, ó mú obòkun kan nínú apẹ̀rẹ̀ náà, ó tẹ́ ẹ sórí ojúbọ odò. Ọ̀rọ̀ parí.

Àwẹ̀ró gbọ́ ẹbọ, ó rú u. Ó ń jẹ ẹja lẹ́ẹ̀rùn, ó ń jẹ ẹja lójò, ilé baba rẹ̀ sì gbòòrò. Ṣówándé gbọ́ ẹbọ, ó fi ṣe ẹ̀rín. Ọdún mẹ́ta léraléra ni apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣófo. Òfin tó fi ń ṣe ẹlòmíràn ní yẹ̀yẹ́ náà ni wọ́n kà sí i létí. Ọjọ́ tí wọ́n gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ní, "Ẹnì kan ì bá ti sọ fún mi."

Àwẹ̀ró ń tún ìgèrè rẹ̀ ṣe lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

"Wọ́n sọ fún yín, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni wọ́n rán."