Káfíńtà Tó Ń Wá Ilé De Ìkókó

Ọkùnrin kan wà, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, kò sì sí ẹni tó mọ igi bíi tirẹ̀ ní gbogbo ìlú tó ń gbé. Bí o bá gbé pákó fún un, yóò fi ìka kàn án, yóò dẹtí sí i, yóò sì sọ fún ọ bóyá inú rẹ̀ le tàbí ikán ti jẹ ẹ́ ku èèpo. Àwọn ènìyàn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ó bá lọ kí àwọn àna rẹ̀, ilẹ̀kùn wọn ló kọ́kọ́ ń kí. Kì í bínú sí i. Òótọ́ ni.

Ọkùnrin yìí ní ìyàwó kan. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń retí ọmọ, ó pẹ́ débi pé àwọn ẹbí kò béèrè mọ́. Nígbà tí oyún wá dúró, inú wọn dùn kọjá ààlà. Káfíńtà ń kọrin fún pákó. Ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ìyẹ̀fun igi a sì máa bà sórí ohun gbogbo níbẹ̀, títí kan ọbẹ̀ tó wà lórí iná. Ìyàwó ń wúkọ́. Àwọn méjèèjì gbà pé ibẹ̀ kò yẹ ìkókó, àfi kí àwọn wá ilé mìíràn kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé.

Ohun kan tún wà tó ń dun ìyàwó yìí, mo sì fẹ́ kí o fi í sọ́kàn. Kò ní ìyá mọ́. Ọkọ rẹ̀ náà kò ní ìyá mọ́. Ìwọ náà mọ bí ó ṣe ń rí láàárín wa: bí ọmọbìnrin bá bí àkọ́bí, ìyá rẹ̀ a di ẹrù, a wá jókòó tì í, a máa bá a wẹ ọmọ, a máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lára, a sì máa kọ́ ọ bí a ti ń gbé ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le. Ta ni yóò ṣe èyí fún un? Ó bi ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọkọ ní, "Jẹ́ ká rí ilé ná. Bí ilé bá ti dára, gbogbo ìyókù á tò." Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà ń wo ilé. Bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ìyàwó á dúró, á tẹ orúnkún bí ikùn rẹ̀ bá ṣe gbà á láàyè mọ, á ní, "Ẹ kúulé o." Lẹ́yìn náà á dákẹ́, á máa gbọ́ bí wọn yóò ṣe dá a lóhùn. Ọkọ ní tirẹ̀ á ti wọlé lọ, á máa fi ìka kan férémù.

Ilé kan wà nítòsí odò, páànù rẹ̀ ti jẹ ihò. Òmíràn wà tí onílé rẹ̀ ní òun kò fẹ́ ẹni tí yóò máa sá aṣọ ìkókó síta, nítorí kì í jẹ́ kí ojú ilé mọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n sì fi ẹ̀rín délé lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n dé ilé kan tó ní àgbàlá gbọọrọ. Ariwo ń sọ níbẹ̀. Ọmọdé ń sáré, ẹnìkan ń gún ata, ìyá àgbà kan jókòó ti ìkòkò tó ti ń ṣe àdín tí ó ń tà. Ìyàwó káfíńtà kí wọn. Kò tíì parí ìkíni tí ìyá àgbà fi ké mọ́ ọn.

"Aboyún wo ló ń rìn lójú ọ̀sán gangan yìí? Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ nílé yín ni? Ẹ gbé àpótí fún un. Jókòó! Mo ní kó o jókòó!"

Kí obìnrin náà tó mọ ohun tí yóò sọ, àpótí ti wà lábẹ́ rẹ̀, omi tútù sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà kò bi í pé oṣù mélòó ni, nítorí àgbà tó mọ nǹkan kì í ka oṣù fún olóyún. Ó kàn wò ó lójú, ó ní, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o." Gbogbo obìnrin tó wà ní àgbàlá ní, "Àmín o," ẹni tó ń gún ata pẹ̀lú. Omi bọ́ lójú ìyàwó káfíńtà. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó bá a wí bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mọ́ ọn nínú.

Ọkọ rẹ̀ jáde láti inú yàrá, ojú rẹ̀ le. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń wo yàrá, obìnrin kan dúró tì í lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi í ní ìlú tó ti wá, iye tí ó ń ta ibùsùn, àti ìdí tí wọn kò fi tètè bímọ. Nígbà tí wọ́n dé ojú ọ̀nà, ó bọ́ sínú àròyé.

"Ikán ti jẹ férémù ilẹ̀kùn yẹn tán. Àti pé àwọn ará ibẹ̀ ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ jù. Bí a bá kó débẹ̀, àwọn ni wọ́n á máa kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé ọmọ mi."

Ìyàwó ní, "Ikán lẹ rí?"

"Ikán ni mo rí."

"Ó dáa," ni ìyàwó wí. Ìwọ náà ti gbéyàwó, o mọ irú "ó dáa" tí mò ń wí.

Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n rí ilé kan lójú ọ̀nà tuntun. Wọ́n fi ọgbà yí i ká, olúkúlùkù ayálégbé ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn ibẹ̀ ló sì jẹ́ igi ìrókò. Ìyàwó ní, "Ẹ kúulé o." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún kí wọn. Kọ́tìnnì kan mì lójú fèrèsé, ó sì padà sáyè rẹ̀. Káfíńtà kan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn dún bó ṣe yẹ kó dún, ó kù díẹ̀ kó dì mọ́ ọn.

"Gbọ́ bó ṣe ń dún! Ọmọ wa máa dàgbà níbí, ilẹ̀kùn yìí á ṣì wà fún ọmọ tiẹ̀ náà."

"Ohùn ta lẹ gbọ́ nínú ilé yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan! Ohun tó dáa jù níbẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa yọ wá lẹ́nu."

Ìyàwó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí o. Bí mo bá pariwo níbí, ta ló máa gbọ́?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ló dé tó o fi máa pariwo? Ṣebí mo wà níbẹ̀." Ó gbàgbé pé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ṣọ́ọ̀bù lòun ń wà. Ó bá onílé sọ ọ́, wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọn yóò kó wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ọjọ́ náà tó pé, káfíńtà nìkan lọ sí ilé ìrókò láti kan pẹpẹ tí wọn yóò máa kó aṣọ ọmọ lé. Ó ń kọrin, ó ń kan ìṣó, ó sì ń yíjú wo ilẹ̀kùn arẹwà yẹn. Ibi tó ti ń wò ó ni òòlù ti fo ìṣó, ó sì bà sórí àtàǹpàkò rẹ̀. Ẹni tó ti ń kan ìṣó láti kékeré o! Ìrora kì í béèrè iṣẹ́ ọwọ́ ẹni.

Ó figbe ta. "Yéè! Mo kú o! Ẹ gbà mí o!"

Wọ́n dín ohùn rédíò kù ní yàrá kejì. Kọ́tìnnì mì. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́, láti inú ni wọ́n sì ti yí i. Rédíò tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

N kò sọ pé ènìyàn búburú ni wọ́n. Mo gbà pé olúkúlùkù wọn ló rò pé ẹlòmíràn yóò jáde. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jáde. Káfíńtà jókòó sílẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí ìrora náà rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rù ló wá bà á. Ó ń wí nínú ara rẹ̀ pé, "Igbe àtàǹpàkò nìyí. Igbe ìrọbí ńkọ́?"

Ó fi fìlà rẹ̀ wé ọwọ́ náà, ó forí lé ilé. Iwájú ilé aláriwo yẹn ni ọ̀nà gbà, ó sì fẹ́ yára kọjá. Ìyá àgbà ti rí i.

"Káfíńtà! Kí ló wà nínú fìlà yẹn?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"Kò sí nǹkan, ó ń ṣẹ̀jẹ̀? Wá síbí jàre."

Wọ́n fi í jókòó. Ẹnìkan gbé omi kaná, ẹnìkan ya aṣọ, ẹnìkan sì ń bi í pé irú káfíńtà wo ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìka àti ìṣó. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, káfíńtà náà rẹ́rìn-ín, tòun ti omi lójú. Bí wọ́n ti ń di ọwọ́ rẹ̀, ìyá àgbà ní, "Ìyàwó ẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò wú? Mo ti rọ àdín ọmọ yẹn sínú ìgò láti ọjọ́ tẹ́ ẹ wá. Mi ò mọlé yín ni mi ò fi tíì gbé e wá."

Káfíńtà ní, "Ṣùgbọ́n, ìyá, a ò gba yàrá yín."

"Yàrá lẹ kọ̀. Ṣé ẹ kọ àdín ni?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè wo férémù tí ikán ti jẹ. Ó béèrè bóyá ẹnìkan ti gba yàrá náà. Ìyá àgbà ní, "Ta ló máa gbà á? Ṣebí ikán ti wà níbẹ̀." Káfíńtà ní, "Ikán ò ṣòro, mà. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Nígbà tó délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó kò sọ pé, "Ṣebí mo wí bẹ́ẹ̀?" Ojú rẹ̀ ló bá a sọ ọ́. Ọkọ lọ bẹ onílé ìrókò pé àwọn kò wá mọ́, lẹ́yìn náà ó yọ férémù jíjẹ, ó fi igi tó le rọ́pò rẹ̀. Ọwọ́ kan ló fi ṣiṣẹ́, àwọn ará ilé bá a di igi mú, wọ́n sì ń pàṣẹ fún un láti òkè délẹ̀ bí ẹni pé àwọn ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Wọ́n kó wọlé síbẹ̀, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ sì dé. Ṣọ́ọ̀bù ni káfíńtà wà, ó ń fá pákó. Kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn obìnrin ilé ti gbé ìyàwó rẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Ó sáré débẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó bá ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà ní, "Mí dáadáa. Obìnrin ni, ohùn ẹ̀ sì ròkè ju tìẹ lọ." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìyá àgbà ti ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ lé e, ó sì fi kànìnkàn àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ìyá ọmọ jókòó tì í, ó ń wò ó, ara rẹ̀ balẹ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà pọ̀ ju aṣọ rẹ̀ lọ.

Àwọn ará ilé náà kò sì yí padà o. Wọ́n ṣì ń sọ fún káfíńtà pé ó ń gbé ọmọ bí ẹni gbé pákó. Ó ṣì ń ráhùn. Bí ó bá sì pẹ́ níta, ọ̀kan nínú wọn á ránṣẹ́ wá a, kí oúnjẹ rẹ̀ má bàa tutù.

Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí igi bá bàjẹ́, káfíńtà á pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kì í jáde bí a bá ké, ọjà wo la ti ń ra àpààrọ̀ rẹ̀? Àwọn bàbá wa ní ènìyàn laṣọ. Ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti tọ́ ọmọ, ènìyàn ni kó kọ́kọ́ wò.

Ṣùgbọ́n ìwọ kò wá ilé, kí ló dé tí mo fi ń sọ èyí fún ọ? Tọkọtaya kan wá wo yàrá tó ṣófo ní ilé rẹ lánàá. Mo ń kọjá lọ, mo rí wọn. Oyún obìnrin náà ti hàn, òógùn bò ó. Wọ́n kí ọ dáadáa níbi tó o jókòó sí lọ́dẹ̀dẹ̀. O kàn mi orí sí wọn láìlanu, o sì padà sínú ìwé ìròyìn rẹ. Mo mọ̀ pé o kò gbèrò ibi sí wọn. Àwọn ní tiwọn kò mọ̀. Wọ́n jáde, obìnrin náà ń nu òógùn ojú rẹ̀ títí wọ́n fi yà ní ìkóríta.

Mo ti béèrè ibi tí wọ́n wà. Kò jìnnà. Má wulẹ̀ ṣàlàyé kankan fún èmi. Àwọn ló kí ọ, àwọn ni kí o lọ dá lóhùn.