Èèpo Ìrẹsì Tó Ta Sí Ojú

Ní abà kan létí àkùrọ̀, ọkùnrin kan wà tó ń gbin ìrẹsì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ sí ìlú ńlá. Láti ìgbà tí àwọn tó wá bá a kẹ́dùn ti tú ká, ó ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní di ẹrù sí ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Lọ́dún kan, nígbà ìkórè, ó ń lu ìrẹsì mọ́ ara àgbá. Èèpo kan ta, ó bà á ní ẹyinjú. Ó fọwọ́ nù ún, ó bu omi odò ṣan án. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ojú náà ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, oòrùn sì ń gún un bí abẹ́rẹ́.

Ó fi aṣọ dì í, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń kọjá lọ sí oko tirẹ̀, ó kí i láti ojú ọ̀nà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kò sí o?”

“Kò sí.” Ó kọ ẹ̀yìn sí i, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú koríko.

Obìnrin náà dúró díẹ̀, ó tún ẹrù orí rẹ̀ ṣe, ó lọ.

Ọkùnrin náà fún oje ewé sójú. Ó ta á bí ata. Lọ́jọ́ ọjà, ó ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri. Onítọ̀hún kò tilẹ̀ wo ojú náà kó tó tà á fún un. Síbẹ̀ ìrora rọlẹ̀, pípọ́n rẹ̀ sì dín kù. Inú ọkùnrin náà dùn. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó wù ú kó rí ẹni tó máa sọ fún. “Ara mi ti ń yá o,” ló sọ lóhùn rara. Ohùn ara rẹ̀ nìkan ló gbọ́.

Kò pẹ́, nǹkan funfun yọ lórí dúdú ojú náà, ó ń fẹ̀ bí ògì tó kán sórí aṣọ dúdú. Ìrora padà, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ bá a níbi tó ti ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó tú aṣọ ojú rẹ̀, ó sì fi igbe ta. Ọ̀kadà ló fi gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà wò ó, ó mí kanlẹ̀. “Baba, nǹkan bí èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu ló bá èèpo yẹn wọlé. Ó pọ̀ lára koríko àti ìyàngbò ní ilẹ̀ olóoru tiwa yìí. Ojú egbò kékeré ló máa ń gbà wọlé. Oògùn tí ẹ rà pa ìrora, àmọ́ ńṣe ló de ajá mọ́lẹ̀ fún olè: kò jẹ́ kí ara yín lè bá àrùn náà jà. Èyí tó lè pa àrùn náà wà níbí. Ẹ pẹ́ jù, Baba.”

Wọ́n tọ́jú rẹ̀. Ìrora lọ, ẹyinjú dúró sáàyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà kò ríran mọ́.

Àbúrò rẹ̀ mú un délé. Lẹ́nu ọ̀nà ló wí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ibí ni mò ń gbà lọ sóko lójoojúmọ́. Kí ni mo ṣe yín?”

Omi ń dà lójú ọkùnrin náà méjèèjì, èyí tó ń ríran àti èyí tí kò ríran.

Ìwọ tí mò ń sọ èyí fún, bó bá jẹ́ ojú gan-an ló ń dùn ọ́, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ lónìí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ibòmíràn ló ń dùn ọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dójú tì ọ́ níwájú àwọn àna rẹ ni o ti ń fi ọtí àti ìrìn àjò tí kò nídìí pa ìrora. Ìrora tó rọlẹ̀ kọ́ ni ìwòsàn. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Fa àga yẹn súnmọ́ mi, kí o sọ ohun tó ń dùn ọ́. Mi ò ní bi ọ́ léèrè ìdí tó o fi pẹ́.