Irun Tó Ń Já ní Òkè-Ọ̀gbẹ́

Ìbídùn ni onídìrí tí àwọn obìnrin ìlú Òkè-Ọ̀gbẹ́ fẹ́ràn jù. Ààrin òun àti Baba Láṣọpé, aládùúgbò rẹ̀, dán mọ́rán, títí di ìgbà tí ọkùnrin náà gbà kí wọ́n ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Ìbídùn kò ti balẹ̀. Òpó náà ń kùn tọ̀sán tòru bí agbọ́n. Ó sì ti gbọ́ lórí rédíò pé irú òpó bẹ́ẹ̀ ń tú agbára kan jáde tí ojú kò rí, tí ń gba ara ènìyàn kọjá. Nígbà tó ṣe, ó ṣàkíyèsí pé irun àwọn oníbàárà òun ń já níwájú orí.

“Kí òpó yìí tó dé, ṣé irun yín ń já báyìí?” ni ó ń bi wọ́n.

Kò sí ẹni tó rántí dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo wọn mi orí pé rárá.

Bí Baba Láṣọpé bá kí Ìbídùn, a máa dáhùn bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Bí ọkùnrin náà bá dé fìlà kọjá, Ìbídùn a ní fún àwọn oníbàárà rẹ̀, “Ẹ ò rí i? Irun tirẹ̀ náà ló ń fi pamọ́.”

Nígbẹ̀yìn, òun àti àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹnu kò láti lọ bá kábíyèsí, kí ó pàṣẹ pé kí wọ́n wó òpó náà. Ṣọ́ọ̀bù Ìbídùn ni wọ́n kóra jọ sí. Wọ́n fẹ́ gbéra ni Mojírọ́lá, àbúrò Ìbídùn, wọlé láti wá dirun. Abà kan lẹ́yìn odò ló ń gbé, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ pe fóònù ti gbọ́dọ̀ gun òkè kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó tú gèlè. Iwájú orí rẹ̀ ti pá, ó ń dán.

Màmá Ẹfúnyẹmí, tó dàgbà jù níbẹ̀, tẹjú mọ́ ọn. “Ọmọ mi, ta ní ń dirun fún ọ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi náà ni, Màmá. Ẹlòmíràn kò fọwọ́ kàn án rí. Wọ́n máa ń fà á le débi pé n kì í lè fi orí lélẹ̀ sùn, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ lórí.”

Ìbídùn rí i tí ojú àwọn obìnrin náà ń bọ̀ wá sórí ìka òun, wọ́n ń wò ó bí òun ti ń wo Baba Láṣọpé. Ó rọra ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìró.

“N kò mọ ohun tí òpó lè fi ara ènìyàn ṣe,” ni Màmá wí. “Ẹ jẹ́ ká bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n irun ọmọ yìí kò gbé nítòsí òpó.”

Wọ́n túká lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò dágbére fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ìbídùn lọ kúnlẹ̀ níwájú Baba Láṣọpé láti tọrọ àforíjì, ọkùnrin náà sì fà á dìde. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn oníbàárà tó padà, àwọn tó sì padà a máa di ọwọ́ rẹ̀ mú pé, “Ẹ rọra fà á o.”

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Ọ̀gbẹ́ fi ń pa á lówe pé, bí irun bá ń já, ọwọ́ tó ń dì í ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ká tó nàka sí òpó.