Ìgbín Tí Ń Fi Ìwo Kàwé

Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!
Àlọ́ mi gbéra nílé-ẹ̀kọ́, ó gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà oko.

Ayékòótọ́ àti Ìgbín jọ ń kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ Olùkọ́ Ẹ̀gà. Bí olùkọ́ bá ka ojú-ewé kan, Ayékòótọ́ á há a sórí, á sì kà á wẹrẹwẹrẹ láìwo ìwé. Ìgbín a máa fi ìwo tọ́ka sí àmì-ìró kọ̀ọ̀kan, a máa kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ojú rí i, ẹnu pè é,
— Jẹ́jẹ́ ni!

Ayékòótọ́ rẹ́rìn-ín: “Kó o tó parí, ewú á ti bo ìkarahun rẹ!”

Lọ́jọ́ kan, wọ́n bá pátákó-ìkìlọ̀ tuntun lọ́nà oko.
“Kí ló wí?” ni Ìgbín bèèrè.
“Bàbá ra bàtà,” ni Ayékòótọ́ kà látorí, bó ṣe wà nínú ìwé wọn.
“Wò ó dáadáa.”
“Ewúrẹ́ jẹ ewé.”
“Ọ̀rẹ́, wò ó!”
“Gbogbo wa yọ̀!” Ayékòótọ́ gbẹ́sẹ̀ láti kọjá.

Ìgbín na ìwo sí pátákó: “Pà… kú… té… Pàkúté! Dúró!”

Ẹsẹ̀ Ayékòótọ́ so rọ̀ lófuurufú. Ó rọra fà á sẹ́yìn.
“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni ó wí, “àmì àkọ́kọ́ yẹn, ẹ fi ìwo tọ́ka sí i kí n rí i.”

Ẹ̀yin ọmọ, báwo ni wọ́n ṣe kà á?
— Jẹ́jẹ́ ni!