Èéfín Ilé Ìgbẹ̀bí Òkè-Àwùsì

Ó pẹ́ tí Ìyá Ládùnnú ti ń gbẹ̀bí ní Òkè-Àwùsì, ìlú orí òkè tí ọyẹ́ kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ilé kan ṣoṣo ni àwọn abiyamọ ń dùbúlẹ̀ sí. Ìkòkò ẹyín iná wà láàárín wọn, kò sì gbọdọ̀ kú títí wọn yóò fi sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà kò ní fèrèsé. Èéfín ti sọ ojú ìyá àgbà náà di pupa, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ débi pé orí ìdúró ló ti ń tòògbé.

Ó bẹ Lápàdé mọlémọlé pé kó bá òun dá fèrèsé méjì sára ògiri, kó parí ọ̀kan kó tó fọwọ́ kan èkejì, nítorí kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè kó àwọn abiyamọ lọ. Lápàdé gbà. Àmọ́ Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ wà nínú ilé náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ikọ́ èéfín kò sì jẹ́ kó ráyè fún un lọ́mú. Ó dun bàbá rẹ̀ wọra. Bó ṣe dé láàárọ̀, ó dá ihò fèrèsé méjèèjì lu lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gbé ìkòkò iná sọ sẹ́yìnkùlé. Atẹ́gùn wọlé, èéfín jáde, gbogbo wọn ń dúpẹ́. Ìyá Ládùnnú fẹ̀yìn ti ògiri, oorun sì gbé e lọ. Kí n má purọ́, èmi náà ì bá sùn.

Igbe Àwẹ̀ró ló jí i. Ara ọmọ ti tutù, kò mu ọmú, kò sunkún. Ìyá àgbà gbé e lé àyà rẹ̀ níhòòhò, ó fi ìró wé e mọ́ra. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú.

Ó ní, “Lápàdé, èéfín ni mo ní kí o lé. Iná ńkọ́?”

Lápàdé sáré gbé ìkòkò wọlé, ó fẹ́ ẹyín tó kù títí eérú fi bo irùngbọ̀n rẹ̀, ó fi ẹní dí ihò kan, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Oòrùn ti kan àtàrí kí ọmọ náà tó ké, igbe tín-ín-rín bí ti ọmọ ológbò. Ìyá Ládùnnú kò yọ̀. Ó kàn ní kí wọ́n wá gba ọmọ, apá òun ti kú.

Ìgbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ni Lápàdé tó parí fèrèsé kejì. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá ń kánjú tún nǹkan ṣe pé: bí a bá ń lé èéfín, a kì í lé iná mọ́ ọn.